Bí Mo Ṣe Sọ Egungun Màlúù Di Kátálíìsì Tó Ṣe É Lò Léraléra

Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ kẹ́mísírì ni kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí ìṣesí kẹ́míkà yá, tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ó sì dà nù. Piperidine, kátálíìsì olómi kan, máa ń mú iṣẹ́ yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti yọ́ pò mọ́ ohun tí à ń sè bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ta ni yóò yọ ọ́ padà? Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ fọ́sféètì, torí kì í yọ́ nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ní Òṣogbo níbí, kò jìnnà sí wa: hydroxyapatite, fọ́sféètì kálísíọ̀mù, ló pọ̀ jù nínú egungun gbígbẹ.

Ọjà Ìgbọ̀nà ni mo ti gba egungun màlúù. Alápatà bi mí pé, “Àǹtí, ṣé ajá lẹ fẹ́ kó o fún ni?” Mo ṣàlàyé fún un, ó sì bá mi ṣa èyí tí mùdùnmúdùn inú rẹ̀ kò pọ̀.

Mo sè é títí ọ̀rá fi jáde, mo sá a sóòrùn, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo wá kó o sínú fọ́nẹ́ẹ̀sì, ìyẹn iná ìléru, ní 800°C. Yóò kọ́kọ́ dúdú kí ó tó funfun; bí dúdú bá ṣì kù láàárín rẹ̀, ẹ dá a padà síná. Ẹ má jẹ́ kí ooru pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kálísíọ̀mù ọ́ksáìdì lè yọ lára rẹ̀. Mo gún un, mo sì jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná.

Ìṣesí Knoevenagel, èyí tó ń so kẹ́míkà méjì pọ̀, ni mo fi dán an wò. Kẹ́míkà méjì tí mo fẹ́ so pọ̀ ni benzaldehyde gíráàmù 1.06 àti malononitrile gíráàmù 0.66; mo fi kún wọn ìyẹ̀fun egungun gíráàmù 0.2, ẹ́tánọ́ọ̀lù mílílítà 20. Malononitrile lóró, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Fọ́sféètì ń gba háídírójìn lára malononitrile, kálísíọ̀mù ń di ọ́ksíjìn benzaldehyde mú. Àwọn méjèèjì so pọ̀, omi sì jáde.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí. Nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, mo sẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbígbóná, mo sì gbé omi rẹ̀ padà síná láìsí ìyẹ̀fun. Tí iṣẹ́ bá ń lọ síwájú nínú omi yẹn, a jẹ́ pé nǹkan kan ti yọ́ lára kátálíìsì, irọ́ sì ni pé ìyẹ̀fun líle náà ló ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ inú omi tèmi dúró, kò lọ síwájú mọ́. Inú mi dùn débi pé mo pe ọ̀gá mi wá wò ó.

Mo sẹ́ èyí tó kù ní gbígbóná. Bí omi rẹ̀ ṣe ń tutù ni kírísítà funfun, ohun tí ìṣesí náà mú jáde, ń hàn; nígbà tí mo sì gbé kírísítà náà kaná, 83°C ló ti yọ́. Ìyẹ̀fun tó kù lórí pépà, mo fi ẹ́tánọ́ọ̀lù gbígbóná ṣàn án, mo gbẹ ẹ́ ní 110°C, mo tún lò ó. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ń falẹ̀, ìdọ̀tí ló ti bo ojú rẹ̀. Mo máa ń dá a padà sí 500°C kí ìyẹn jó kúrò. Inú ìgò tó dé pinpin ni kí ẹ máa fi sí, pàápàá lásìkò òjò, torí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.