Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Iṣẹ́ Tí Aṣòfin Yín Ń Ṣe Gan-an Lórí Ilẹ̀ Ìjọba ní Amẹ́ríkà

Aṣòfin tó dúró sórí òkè, tó ya fọ́tò, tó ní òun ń gbógun ti ìyípadà ojú-ọjọ́, kò tíì ṣe nǹkan kan. Colorado ni mò ń gbé, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ níbí ju èrò ọjà lọ. Àkọsílẹ̀ Kọ́ńgíréésì ni kí ẹ máa wò. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́. Nǹkan bí 640 mílíọ̀nù éékà ni ìjọba àpapọ̀ ní, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà lọ. Ẹ má rò pé ibi ìgbafẹ́ nìkan ni gbogbo rẹ̀ o. Wọ́n ń yá àwọn tó ń wa epo, gáàsì àti èédú ní apá kan nínú rẹ̀. Ìwádìí tí USGS, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, gbé jáde ní 2018 fi hàn pé epo, gáàsì àti èédú tí wọ́n wà jáde láti ilẹ̀ àti omi ìjọba ló fa nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín kábọ́nì Amẹ́ríkà láàárín 2005 sí 2014. Nítorí náà, aṣòfin tó ń pariwo ojú-ọjọ́ tí kò sì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń yá jáde, ariwo lásán ló ń pa.

Ẹ lọ sórí congress.gov, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo ìgbìmọ̀ tó wà: Natural Resources ni ti Ilé Aṣojú-ṣòfin, Energy and Natural Resources ni ti Ilé Aṣòfin Àgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àbádòfin rẹ̀, kí ẹ sì tẹ “Actions”. Bó bá jẹ́ “Referred to” (wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀) ló kẹ́yìn, ó wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àbádòfin máa ń sùn sí títí ayé. “Introduced” (wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá) kò yẹ kó dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà rèé: nọ́ńbà àbádòfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ọdún méjì-méjì ni Kọ́ńgíréésì ń parí, àbádòfin tí kò bá sì tíì di òfin kú nìyẹn; bí wọ́n bá tún gbé e wá, nọ́ńbà mìíràn ló máa ní. Ẹ wo àbádòfin CORE Act, tó fẹ́ dáàbò bo nǹkan bí 400,000 éékà ní Colorado. Joe Neguse ní Ilé Aṣojú-ṣòfin àti Michael Bennet ní Ilé Aṣòfin Àgbà, àwọn méjèèjì láti Colorado, ló gbé e wá ní 2019. Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí i, H.R. 823 ni nọ́ńbà rẹ̀ nígbà náà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún náà, ìbò 227 sí 182. Ilé Aṣòfin Àgbà kò tilẹ̀ dìbò lé e lórí. Ní 2021, wọ́n dì í mọ́ àwọn mìíràn nínú H.R. 803, Ilé Aṣojú-ṣòfin tún gbà á, ó tún há sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ẹni tó ń wo 823 nìkan á ní Neguse ti sá.

Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2022, Ààrẹ Biden lo òfin 1906 kan láti kéde ààbò lórí Camp Hale, ibi tí àwọn ọmọ ogun ti kọ́ ìjà orí yìnyín nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Inú àbádòfin yẹn ló wà tẹ́lẹ̀. Ní 2024, wọ́n ti ilẹ̀ Thompson Divide, tí òun náà wà nínú àbádòfin ọ̀hún, mọ́ àwọn awakùsà tuntun fún 20 ọdún. Ní tèmi, aṣòfin tó ti ọ̀rọ̀ débẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin: ohun tí ààrẹ kan fọwọ́ ṣe, òmíràn lè gé e kù, bí Trump ṣe gé Bears Ears, ilẹ̀ tí wọ́n dáàbò bò ní Utah, ní 2017 kí Biden tó dá a padà ní 2021.

Owó ni kí ẹ wá wò. Láti 1920, ó kéré tán, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó epo tí ilé-iṣẹ́ epo bá wà jáde láti ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n ń san fún ìjọba; “royalty” ni wọ́n ń pè é. Òfin Inflation Reduction Act ti 2022 sọ ọ́ di 16.67 fún ilẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Òfin ìnáwó ńlá ti 2025 dá a padà sí 12.5. Inú òfin ìnáwó yẹn kan náà ni Sẹ́nétọ̀ Mike Lee ti fẹ́ kí wọ́n ta mílíọ̀nù éékà mélòó kan nínú ilẹ̀ ìjọba, àfìgbà tí àwọn ọdẹ àti apẹja figbe ta ló yọ ọ́ kúrò ní oṣù kẹfà. Àkọlé òfin náà kò dárúkọ ilẹ̀ rárá. Ẹ ṣí odindi ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá “royalty”, “lease” (ilẹ̀ yíyá) àti “Federal land” (ilẹ̀ ìjọba) nínú rẹ̀, kí ẹ tó wo bó ṣe dìbò.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ pe ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà ládùúgbò yín. Ẹ sọ zip code (nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò) yín, nítorí ẹni tí kò lè dìbò fún ọ̀gá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ká wọn lára. Kí ẹ má ṣe wàásù. Ìbéèrè tó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí ẹ bi wọ́n: “Ṣé yóò dìbò kí royalty epo padà sí ìdá 16.67?” Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ náà. Bó bá ní àwọn yóò pè yín padà, ẹ tún pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.