Ìjàpá, Ehoro àti Àṣẹ́kù: Bí Mo Ṣe Dé Orí 983

Ìbéèrè náà kò ju ìlà kan lọ: nínú gbogbo nọ́ńbà tí kò tó 1000, èwo ni ó jẹ́ pé bí a bá pín 1 sí ọ̀nà iye rẹ̀, fígọ̀ tó ń yí po lẹ́yìn pọ́ìǹtì ni yóò gùn jù lọ? Bí a bá pín 1 sí ọ̀nà 7, 142857 ni yóò máa yí po títí láé. Yàrá mi ní Agbowó, n'Íbàdàn, ni mo ti fi Python, èdè tí a fi ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà, yanjú rẹ̀ lóru ọjọ́ kan tí kò sí iná.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé fígọ̀ tó ń jáde ni mo ń ṣọ́. Nígbà tí ó kan 17, tí í ṣe 0.0588235294117647, prógíráàmù mi rí 8 méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ó sì ní ìyípo ti dé, bẹ́ẹ̀ 16 ni gígùn rẹ̀ gan-an. Ni mo bá mú bébà, mo pín in bí tíṣà ti kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì wá rí i pé àṣẹ́kù, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn pípín kọ̀ọ̀kan, ló ń darí ohun gbogbo. Ti 7 jẹ́ 1, 3, 2, 6, 4, 5, lẹ́yìn náà 1 yóò padà dé, nítorí pé àṣẹ́kù kò lè ju 6 lọ.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní ti Robert Floyd, ará Amẹ́ríkà, ni mo lò: Ìjàpá àti Ehoro ń rìn láti àṣẹ́kù kan sí èkejì, Ìjàpá ń gbé ìṣísẹ̀ kan, Ehoro ń gbé méjì, bí ọ̀nà bá sì yí po, dandan ni kí wọ́n pàdé. (Ẹ̀rín pa mí, torí pé Ìjàpá inú àlọ́ tiwa kì í gbára lé ẹsẹ̀, ẹ̀wẹ́ ló ń lò.) Lẹ́yìn ìpàdé, Ehoro á dúró, Ìjàpá á máa rìn lọ títí yóò fi tún bá a níbẹ̀; iye ìṣísẹ̀ yẹn ni gígùn ìyípo. Báyìí ni 1 tó ṣáájú nínú 0.1666 ti 6 kò ṣe rú mi lójú. Ṣùgbọ́n 8, tí í ṣe 0.125, máa ń já sí àṣẹ́kù òdo, mo sì ní láti sọ fún prógíráàmù pé ìyẹn kì í ṣe ìyípo.

Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti ń lọ sílẹ̀, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Mẹ́ta péré ni ìyípo 999. Ti 997 jẹ́ 166. Nígbà tí mo dé 983, 982 ló jáde, bẹ́ẹ̀ kò sí nọ́ńbà tó kéré sí i tí ìyípo rẹ̀ lè gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé gígùn ìyípo nọ́ńbà kan kò lè tó nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà 17 péré ni mo yẹ̀ wò kí n tó pa kọ̀ǹpútà dé.