Ojúsàájú nínú ìjọ: àwọn àṣìṣe tá à ń ṣe láìfura, tó yẹ ká jáwọ́ nínú ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí èmi gan-an ṣe. Úṣà ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá àgbà kan wá jókòó sí ìlà kẹta níwájú, ó tètè dé gan-an, àwọn akọrin ò tíì tò sílẹ̀ tó ti dé, sílípáàsì ló wọ̀, ó fi ọ̀rá we Bíbélì ẹ̀ kí òjò má bàa pa á. Ìsìn ti wọra nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì sáyè níwájú mọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ o. Pásítọ̀ ò wojú mi, ọ̀gá àwa úṣà ò sọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló kàn gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo ní "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ sẹ́yìn díẹ̀." Ó wò mí, ó wo ọkùnrin yẹn, ó ní "Kò burú, ọmọ mi," ó mú ọ̀rá Bíbélì ẹ̀, ó dìde. Ọkùnrin yẹn ò bèèrè ìjókòó kankan lọ́wọ́ mi, ká ní mo fi í sẹ́yìn ni, kò ní janpata. Èmi ni mo ṣe é.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni bó ṣe yá mi lára tó, mi ò ronú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, torí púpọ̀ nínú wa rò pé ẹni tó kórìíra tálákà ló ń ṣe ojúsàájú, àwa sì mọ̀ pé a ò kórìíra ẹnikẹ́ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ ò kàn wá. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ojúsàájú kì í dúró de ìkórìíra, ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ti parí iṣẹ́ ẹ̀ kí ọkàn tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Jákọ́bù lò fún un náà, ojú ló wà nínú ẹ̀, "gbígba ojú èèyàn" ni téèyàn bá tú u bó ṣe rí.

Ẹ wá wo Jákọ́bù orí kejì yẹn dáadáa, ẹ má kà á bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin méjì wọ ìpàdé, ọ̀kan wọ òrùka wúrà àti aṣọ dáadáa, aṣọ ìkejì dọ̀tí, wọ́n ní kí ti àkọ́kọ́ wá jókòó síbi tó dáa, wọ́n ní kí ìkejì dúró sọ́hùn-ún tàbí kó jókòó nísàlẹ̀ níbi àpótí ìtìsẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú ọkùnrin yẹn, kò sẹ́ni tó lé e jáde. Àmọ́ Jákọ́bù ò pè é ní àìmọ̀-ọ́n-ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ló pè é, ní ẹsẹ 9, ẹsẹ méjì sí i ló ti dárúkọ panṣágà àti ìpànìyàn. Òfin tó sì fi gbè é lẹ́sẹ̀, "kí ìwọ fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ," inú Léfítíkù 19:18 ló ti mú un wá, ẹsẹ mẹ́ta ṣáájú ibẹ̀, ní 19:15, ni Ọlọ́run ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn tálákà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún alágbára nínú ìdájọ́. Ìfẹ́ ọmọnìkejì tá à ń kọrin nípa ẹ̀ yẹn, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin tó ka ojúsàájú léèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí sì pẹ́ nínú ìjọ o. Láyé àtijọ́, ní England àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń gba owó lórí bẹ́ńṣì, ìdílé tó bá lówó ló ń jókòó síbi tó dáa. Nígbà tí wọ́n dá ìjọ Free Methodist sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1860, ọ̀kan nínú ohun tí "free" yẹn dúró fún ni pé ìjókòó wọn ò ní jẹ́ ti owó, ẹni tó bá wọlé kó jókòó. Àwa ò gbowó bẹ́ńṣì mọ́ lóòótọ́, àmọ́ à ń fi àmì sórí àga, à ń kó àga tó ní tìmùtìmù síwájú, a sì mọ ẹni tá a gbé e kalẹ̀ fún.

Téèyàn bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á ní "ìka ò dọ́gba." Òótọ́ ni, kò dọ́gba. Àmọ́ ṣé torí pé ìka ò dọ́gba la ṣe máa ń fọ ọ̀kan ká fi ìkejì sílẹ̀? Ẹ má fi òwe dí ojú Bíbélì. Bíbọ̀wọ̀ fún àgbà, kíkí ẹni tó wà nípò, kò sóhun tó burú níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù náà ní ká fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí. Ohun tí mò ń bá wí ni kí owó máa ra ohun tí Ọlọ́run ti fún gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn àyè nínú ilé ẹ̀, etí pásítọ̀, ìdáríjì, àti pé kí wọ́n mọ̀ tá ò bá wá.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìbáwí ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìbáwí. Mo ti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti ka orúkọ ọmọkùnrin kan síta pé ó mú nínú owó ọrẹ, owó tí ò tó nǹkan, wọ́n gba aṣọ akọrin lọ́rùn ẹ̀, ìyá ẹ̀ jókòó síbẹ̀ tó da gèlè bojú. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ọkùnrin ńlá kan nínú ìjọ yẹn kan náà gba owó lọ́wọ́ àwọn mẹ́ńbà pé òun máa bá wọn fi ṣòwò, owó wọgbó. Wọ́n ní ká máa gbàdúrà fún un, pé ọ̀tá ló ń bá a jà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló ka Bíbélì kìíní. Ẹ bi ìyá ọmọkùnrin yẹn bóyá ìjọ ń ṣe ojúsàájú, kò nílò Jákọ́bù kó tó dá yín lóhùn. Nínú 1 Tímótì 5, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ nípa bíbá àwọn alàgbà tó ṣẹ̀ wí níwájú gbogbo èèyàn, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé kí Tímótì má fi ojúsàájú ṣe ohunkóhun, ó sì fi Ọlọ́run, Jésù àti àwọn áńgẹ́lì ṣe ẹlẹ́rìí. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ lọwọ́ ti máa ń gbọ̀n.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé ẹni tó bá ti ń wàásù ẹ̀ ti bọ́. Pétérù ló sọ ọ́ nílé Kọ̀nílíù, Ìṣe 10:34, pé Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú ènìyàn. Pétérù yìí kan náà dé Áńtíókù, ó ń bá àwọn Kèfèrí jẹun dáadáa, bí àwọn Júù kan ṣe ti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù dé báyìí ló sún kúrò nídìí oúnjẹ, Bánábà náà bá a lọ. Gálátíà orí 2 ló wà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà, àmọ́ àìsàn kan náà ni, ó ń wo ojú ẹni tó wọlé. Pọ́ọ̀lù bá a wí lójú gbogbo wọn, àpọ́sítélì o!

Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ n sáré mẹ́nu bà wọ́n. Àìsàn olówó, kọmití máa lọ kí i, àìsàn tálákà, "a ó máa rántí ẹ nínú àdúrà." Fífi fóònù ya ẹni tá a fún ní oúnjẹ, tó gbé àpò náà sáyà tí ojú ń tì í, ká wá gbé e síta, Jésù ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn nínú Mátíù 6. Ká máa pe àwọn tó máa dá owó ńlá jáde kọ́kọ́, ká gbàdúrà gígùn fún wọn, kó tó wá kan "ẹ̀yin tó kù, ẹ na ọwọ́ ọrẹ yín sókè," nígbà tó jẹ́ pé opó tó fi owó ẹyọ méjì sílẹ̀ ni Olúwa yìn. Ká máa sọ pé ẹni tí ò bá lówó, ẹ̀ṣẹ̀ wà níbì kan. Nínú Lúùkù 16 tálákà tó wà lẹ́nu ọ̀nà lorúkọ ẹ̀ jáde, Lásárù, Jésù ò dárúkọ olówó yẹn. Nínú ilé wa náà ńkọ́, ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ṣé inú abọ́ kan náà lẹ ti ń bu oúnjẹ fún un? Àwa Yorùbá ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, a ní ìṣẹ́ ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ dúró lé, kíkórìíra olówó. Àwọn kan wà tí wọ́n bá ti sá fún àṣìṣe tó kù, inú eléyìí ni wọ́n ń bọ́ sí, olówó wọlé, wọ́n ti pinnu pé olè ni. Ẹ́kísódù 23:3 ní kí wọ́n má gbè sẹ́yìn tálákà nínú ẹjọ́ ẹ̀. Ẹ wo Máàkù 5. Jáírù, olórí sínágọ́gù, kúnlẹ̀ fún Jésù torí ọmọ ẹ̀ ń kú lọ, Jésù tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà, obìnrin kan tó ti ń ṣàìsàn fún ọdún 12, tó ti náwó tán lọ́wọ́ oníṣègùn, fọwọ́ kan aṣọ ẹ̀. Jésù dúró. Mo máa ń ronú nípa Jáírù nígbà yẹn, bó ṣe máa dúró síbẹ̀ tí àyà ẹ̀ á máa já, ọmọ ẹ̀ ò lè dúró, Olúwa sì ń bi àwọn èèyàn pé ta ló fọwọ́ kan òun, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ó pè é ní "Ọmọbìnrin." Lẹ́yìn náà ó ṣì lọ sílé Jáírù, ó jí ọmọ ọdún 12 náà. Kò ní kí Jáírù máa lọ torí pé ó nípò. Àwọn méjèèjì ló dá lóhùn.

Kí la wá lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí ìjókòó jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, àwọn tí ara ò gbé nìkan ni kẹ́ ẹ tọ́jú àyè fún. Ẹ kọ orúkọ àwọn aláìsàn sínú ìwé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe lọ kí wọn. Tí ẹjọ́ bá dé, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó bèèrè ẹni tó ṣe é. Ẹ fi àwọn tí ò lówó sí kọmití, kì í ṣe kí wọ́n kàn máa gba àpò oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n gbàgbé àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì nínú Ìṣe 6, ọkùnrin méje ni wọ́n yàn, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Bí ẹ bá ti ṣe é sẹ́yìn, ẹ má kàn ronú pìwà dà nínú yàrá, ẹ lọ bá onítọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó lè lọ bá ìyá yẹn. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìsìn ò sì tíì bẹ̀rẹ̀, gbogbo iwájú ló ṣófo. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ síwájú. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní òun ti dárí jì mí láti ọjọ́ yẹn, àmọ́ kí n jẹ́ kí òun jókòó síbí, torí níbí, kò sẹ́ni tó máa ní kí òun dìde.