Bó o ṣe máa rí ọlọ́kọ̀ akẹ́rù tó ṣe é gbọ́kàn lé

Tó o bá fẹ́ kó n'Ìbàdàn lọ Èkó, má kàn gba mọ́tò àkọ́kọ́ tó o rí ní páàkì o. Bi ará àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, nọ́ńbà dírẹ́bà máa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Jẹ́ kí dírẹ́bà wá wo ẹrù fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ yanjú bóyá owó tó pè ti kó ti epo, alábàárù àti àgbèrò ojú ọ̀nà mọ́ra, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, tèmi dé ẹnu ọ̀nà ilé tán ló ní àfi kí n fowó kún un, fíríìjì mi ń yá oòrùn lókè mọ́tò! Ìdajì owó ni kó o san, ìyókù dìgbà tó bá já ẹrù tán. Wo táyà, wo tapólì bóyá ó ti ya, kó o sì ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ náà.