Bí A Ṣe Ń Kọ Ìròyìn Ọ̀sẹ̀ fún Ilé-Ìwé Kátólíìkì Tí Ìjọ Mélòó Kan Jọ Ní

Tí ọ̀gá ilé-ìwé bá ti wò yín lójú níbi ìpàdé olùkọ́, tó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé kọ, ẹ máa bá wa kó ìròyìn jọ," iṣẹ́ ti bọ́ sí yín lọ́rùn nìyẹn. Kò sówó níbẹ̀, wọn ò sì ní tìtorí rẹ̀ dín kíláàsì yín kù. Kíláàsì kẹta lèmi ń kọ́, èmi náà ni mo sì ń ṣe ìwé ìròyìn tó ń jáde nílé-ìwé wa lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ, pàápàá fún ẹ̀yin tí ilé-ìwé yín kì í ṣe ti ìjọ (ìyẹn páríìṣì) kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé ìjọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń rán ọmọ wá, tí kálukú wọn sì gbà pé òun lòun ni ín.

Ẹ kúrò ní ọ́fíìsì

Ohun tó máa ń wá bá èèyàn ní ọ́fíìsì kì í ṣe ìròyìn, ìkéde ni: ọjọ́ ìpàdé òbí, ọjọ́ tí ìsinmi máa bẹ̀rẹ̀, àpò ìwé tí ọmọ kan gbàgbé sínú bọ́ọ̀sì. Òbí nílò ìkéde, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ dà á nù. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ní gbólóhùn kúkúrú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ni ojú ewé àkọ́kọ́.

Nílé-ìwé tiwa, bàbá tó ń ṣọ́ géètì ló mọ ìròyìn ju gbogbo wa lọ. Òun ló mọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Òun náà ló sọ fún mi ìdí tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà kan fi ń ṣáájú olùkọ́ dé: wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa gbé àwo tùràrí níbi Máàsì ilé-ìwé, ẹni tó ń kọ́ wọn kò sì ráyè àfi kí agogo àkọ́kọ́ tó lù. Kò sẹ́ni tó máa kọ ìyẹn sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi. Torí náà, bí ẹ bá kí àwọn tó ń ṣọ́nà, àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn awakọ̀, ẹ má kí wọn tán kẹ́ ẹ máa sáré wọlé. Ẹ dúró.

Ẹ ní ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò. Bí ẹ bá gbọ́ nǹkan, ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀: ta ni, níbo, mélòó, kí ló sọ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ bi olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín léèrè, ẹ má bi í pé, "Báwo ni ètò yẹn ṣe lọ?" Ẹ mọ ìdáhùn náà kó tó lanu: "Ó lọ dáadáa o, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn kọ? Ẹ bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò retí?" Ẹ̀rín lá kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu rẹ̀, ìròyìn á sì tẹ̀ lé e.

Kàlẹ́ńdà méjì lórí ògiri kan

Kàlẹ́ńdà méjì nilé-ìwé Kátólíìkì ń tẹ̀ lé, ti sáà ẹ̀kọ́ àti ti Ìjọ Mímọ́. Ẹ lẹ méjèèjì mọ́ra wọn, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ohun tẹ́ ẹ máa kọ ti wà níbẹ̀.

Oṣù Kìíní nìkan kún fún iṣẹ́. Ọjọ́ 24 jẹ́ ti Francis de Sales Mímọ́, tí Póòpù Pius Kọkànlá fi ṣe alábòójútó àwọn òǹkọ̀wé àti akọ̀ròyìn ní 1923 (ẹni tiyín gan-an nìyẹn, ẹ má gbójú fò ó). Ọjọ́ 28 jẹ́ ti Thomas Aquinas, alábòójútó àwọn ilé-ìwé Kátólíìkì. Ọjọ́ 31 jẹ́ ti John Bosco, tó fi ayé rẹ̀ tọ́ àwọn ọmọkùnrin tí kò rẹ́ni gbójú lé ní ìlú Turin ní Ítálì. Ọjọ́ àwọn olùkọ́, ìyẹn ti John Baptist de La Salle, bọ́ sí 7 Oṣù Kẹrin. Pius Kejìlá ló fi í ṣe alábòójútó gbogbo olùkọ́ ní 1950. Ó máa ń bọ́ sábẹ́ Lẹ́ńtì tàbí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, wọ́n á sì gbójú fò ó. Bó ṣe rí ní 2026 nìyẹn, torí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Àjíǹde ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ní 2027, Ọjọ́rú ni, ọ̀sẹ̀ Àjíǹde á sì ti kọjá. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín láti ìsinsìnyí.

Àwọn ọjọ́ tó ń sún kiri ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọjọ́rú Eérú, tí Lẹ́ńtì máa ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ sí 18 Oṣù Kejì ní 2026. Ní 2027, 10 Oṣù Kejì ni, Àjíǹde á sì jẹ́ 28 Oṣù Kẹta. Ìdánwò, ìdíje eré ìdárayá àti ìmúrasílẹ̀ àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́ á wá máa du ọ̀sẹ̀ kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá tètè rí i, ẹ ó ti mọ ọ̀sẹ̀ tí ojú ewé kò ní tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ da ìtàn ẹni mímọ́ kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òbí ò ní kà á. Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ wá ni kẹ́ ẹ fi ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tí Póòpù Leo Kẹrìnlá kéde Carlo Acutis ní ẹni mímọ́ ní 7 Oṣù Kẹsàn-án 2025, ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà láti sọ: pé ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó kú ní 2006, pé ó ṣe ìkànnì kan lórí àwọn iṣẹ́ ìyanu Yúkárísìtì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọmọ kíláàsì karùn-ún kan bi olùkọ́ katikísìmù ni mo fi bẹ̀rẹ̀: "Ṣé wọ́n gbà á láyè kó máa lo kọ̀ǹpútà lálẹ́ ni?" Ìtàn Carlo wá tẹ̀ lé e ní gbólóhùn mẹ́ta. Àwọn òbí tí kì í kọ nǹkankan sí mi ló ń fi èsì ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n ń bi mí kí ni olùkọ́ náà fi dá a lóhùn.

Kíkọ ọ́ gan-an

Ẹ wo ìròyìn yìí: "Àfihàn sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé wa wáyé ní Ọjọ́bọ̀. Ètò náà lárinrin. Àwọn èèyàn pàtàkì pésẹ̀ síbẹ̀. Inú gbogbo wa dùn, a sì fi ògo fún Ọlọ́run." Kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún tó ń bọ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, ilé-ìwé tó wà lódìkejì náà sì lè yá a lò.

Bó ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn wa rèé: "Gílóòbù kọ̀, kò tàn. Ọmọ kíláàsì kẹrin tó so ó mọ́ bátìrì kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó tú wáyà kan, ó bó o díẹ̀ sí i, ó tún un so. Iná tàn. Fadá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kó ṣàlàyé ohun tó ṣe. Ọmọ náà ní, 'Wọn ò fara kanra ni, Fadá.'" Eyín ló fi bó wáyà náà. Mo yọ ìyẹn kúrò, torí mo mọ ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí lẹ ó wá sọ iye kíláàsì tó kópa, ẹni tó ṣe adájọ́, ibi tí àwọn iṣẹ́ náà wà fún ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n. Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Àwọn èèyàn pàtàkì náà ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ má sì kánjú lé wọn lórí: ẹ yẹ orúkọ wọn wò lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì mọ oyè kálukú. Díákónì kì í ṣe Fadá. Mọ̀ńsínyọ̀ (ìyẹn fadá tí Póòpù fi oyè dá lọ́lá) tẹ́ ẹ bá pè ní Fadá lásán lè má bínú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ á bá a bínú.

Bíṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Òfin Ìjọ ti 1983, nọ́ńbà 806, fún bíṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́ láti máa bójú tó àwọn ilé-ìwé Kátólíìkì tó wà ní dáyósíìsì rẹ̀ (ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ rẹ̀) àti láti máa bẹ̀ wọ́n wò. Iṣẹ́ ló bá wá, kì í ṣe ìṣeré. Nítorí náà, fọ́tò kan péré ti tó, kì í ṣe mẹ́wàá tó ti ń bọ ọmọ lọ́wọ́. Kíláàsì wo ló wọ̀? Ìbéèrè wo ló bi wọ́n? Ta ló dáhùn, ta ló sì sá pamọ́ sẹ́yìn àga? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ.

Ilé olórogún

Kí Fadá má gbọ́ o, ṣùgbọ́n ilé olórogún nilé-ìwé tí ìjọ mélòó kan jọ ní. Ìyàwó kan kì í gbàgbé iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ èkejì. Bẹ́ ẹ bá gbé fọ́tò ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan jáde, tẹ́ ẹ ò sọ nǹkankan nípa ìkórè ìjọ kejì, fóònù yín á dún kí ọjọ́ Àìkú tó ṣú.

Ọgbọ́n tí mo dá sí i kò ju bébà kan lọ. Orúkọ àwọn ìjọ wà lókè, ọ̀sẹ̀ sáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ń fa ìlà kan nígbàkígbà tí ìjọ kan bá wọ inú ìròyìn. Bí sáà bá dé àárín, mo wo ibi tó ṣófo. Mi ò kí í pe ọ́fíìsì ìjọ náà. Àwọn ọmọ tó ti ibẹ̀ wá ni mo ń pè nígbà ìsinmi ráńpẹ́: ta ló ń kọrin, ta ló ń ran Fadá lọ́wọ́ lórí pẹpẹ, ta ni wọ́n ṣèrìbọmi fún àbúrò rẹ̀? Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí kí n má rí nǹkan. Bí ẹ bá ń to orúkọ àwọn ìjọ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ìjọ tó kẹ́yìn lónìí lè ṣáájú lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun kan wà tó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú irú ilé-ìwé báyìí, ilé-ìwé kéékèèké tí wọ́n dà pọ̀ ni, nígbà tí ọmọ dín kù nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan tí owó ò sì tó mọ́. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn ilé-ìwé ibòmíràn kí tiyín tó ṣí. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ṣì wà láyé, ọmọ ọmọ wọn lẹ̀ ń kọ́. Bẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé bíi pé ọjọ́ ìdàpọ̀ layé bẹ̀rẹ̀, ẹ ń dún wọn ni. Ẹ fi àyè kékeré kan sílẹ̀ lóṣooṣù fún ilé-ìwé àtijọ́: fọ́tò kíláàsì kan, agogo tí wọ́n gbé wá láti ibẹ̀, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì. Òun ni àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ ìwé

Ọmọdé la ń kọ nípa wọn. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí lórí bébà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí, fún fọ́tò àti fún orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kọ̀, ẹ má béèrè ìdí. Ẹ má fi orúkọ bàbá ọmọ tàbí àdúgbò tó ń gbé sábẹ́ fọ́tò. Àìsàn ọmọ, owó ilé-ìwé tí ẹnì kan jẹ, ìjà bàbá àti ìyá: kò sí èyí tó kan ìwé ìròyìn. Bí òkú bá ṣẹ̀ ní ìdílé ọmọ kan, ìdílé náà ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ, bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ohunkóhun.

Bí àwọn ọmọ bá lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ kọ pé wọ́n lọ, ó parí. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Níbi Máàsì, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀ pátápátá nígbà ìyàsímímọ́ búrẹ́dì àti wáìnì. Ẹ̀yin náà wá jọ́sìn ni. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ọmọ kíláàsì yín ni Kátólíìkì. Bẹ́ ẹ bá to orúkọ àwọn tó gba Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́, ẹ wá nǹkan mìíràn tí àwọn tó kù ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ fi í sójú ewé kan náà.

Kó tó jáde

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni mo ń pa ìlẹ̀kùn dé. Ẹni tó bá mú ìròyìn wá ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá. Èèyàn méjì ló ń kà á ṣáájú: ọ̀gá ilé-ìwé, àti olùkọ́ kan tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi, torí òun ló máa ń rí àṣìṣe.

Orí WhatsApp ló ti ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn òbí. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ díẹ̀ sórí bébà, kẹ́ ẹ kó ìdì kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ kọ̀ọ̀kan kó tó di Máàsì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí ìyá àgbà tí kì í wo fóònù lè rí tiẹ̀ mú. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà méjì sí ilé ìkówèésí, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní kí ẹnì kan bá yín ka iye tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìdì bá wà digbí, ẹ padà sórí bébà ìlà yẹn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ dárúkọ wọn lọ́sẹ̀ náà.