Bí mo ṣe fi àkọsílẹ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn pèsè àfihàn fún ilé-ìwé kan ní Ìjùmú

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjùmú bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn pèsè àwòrán àti àlàyé nípa àwọn tó gbé ilẹ̀ wa láyé àtijọ́, inú àkójọ tí yunifásítì kan gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀. Irinṣẹ́ òkúta àti àpáàdì ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ọwọ́ ara wọn kọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó bá tẹ “Kogi” síbẹ̀ kò ní rí púpọ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Kwara la wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì tó dá Kwara sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ ẹkùn Kabba ní Àríwá ni wọ́n ka ilẹ̀ wa sí. Orúkọ àtijọ́ wọ̀nyí ni mo fi wá a, mo sì tún kọ “Iffe” pẹ̀lú f méjì, kí n tó dé ọ̀dọ̀ Itaakpa, abẹ́ àpáta tí awalẹ̀pìtàn Oyelaran ti walẹ̀ ní Ìfẹ̀-Ìjùmú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ihò Eléérú nítòsí Ìsarùn, tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti walẹ̀ ní 1965: “Iwo Eleru” ni wọ́n kọ ọ́, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni ó sì wà nígbà náà.

Àwòrán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ wò. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìwé ìwalẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ ṣí. Wọ́n máa ń fi yíǹkì kọ nọ́ńbà tín-tìn-tín sí ara òkúta, nọ́ńbà yìí ló máa mú ni dé káàdì tó ń sọ kòtò tí wọ́n ti rí i, ìpele ilẹ̀ tó wà àti bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Mo rí ẹ̀là òkúta quartz funfun kan tí kò tóbi ju èékánná lọ, tí èèyàn lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà oko láìwẹ̀yìn. Káàdì rẹ̀ sọ pé ìpele kan náà ni òun, èédú àti àpáàdì ti jáde, a jẹ́ pé ẹni tó ń la òkúta náà ti ń dáná, ó sì ti ń lo ìkòkò. Bí a bá yọ káàdì yẹn kúrò, kí ló kù? Mi ò gé ọ̀pá ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kankan kúrò, kí àwọn ọmọ má baà rò pé òkúta náà tó odó.

Iye ọdún gba sùúrù. Bí káàdì bá kọ BP (Before Present, ìyẹn “ṣáájú ìsinsìnyí”) sí ẹ̀gbẹ́ iye ọdún, 1950 ni wọ́n ti ń kà á sẹ́yìn, kì í ṣe ọdún tí à ń kà á. Mo kọ èyí sókè gàdàgbà kí n tó kọ pé àwọn tó lo Itaakpa ti gbé ibẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn, àti pé òkú tí wọ́n hú ní Ihò Eléérú ti lé ní 11,000 ọdún.

Lábẹ́ àwòrán àáké òkúta dídán, mo kọ “ẹdùn àrá” mọ́ ọn, torí pé orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé nìyẹn.

Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn wà lára ohun tó jáde ní Itaakpa. Kí n tó gbé èyíkéyìí tó jọ ọ́ sára ògiri, mo lọ bá bàbá kan tó jẹ́ àgbà ìlú. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ kọ ọ́, kí àwọn ọmọ kà á. Àmọ́ ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹun.” Ọ̀rọ̀ nìkan ni mo fi síbẹ̀, mo sì fi nọ́ńbà káàdì tì í, kí olùkọ́ tó bá fẹ́ wò ó lè lọ wá a fúnra rẹ̀.