Bí mo ṣe ṣírò iye ọdún tí white dwarf ti fi ń tutù

Mo rò pé ìṣirò ìdajì wákàtí ni o. White dwarf ni òkú ìràwọ̀ tó máa ń ṣẹ́kù tí irú oòrùn wa bá jó epo ẹ̀ tán, títóbi ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ayé wa lọ, kò dáná mọ́, ooru tó ti wà nílẹ̀ ló ń ná. Mo ní ṣebí kí n kàn pín ooru tó kù nínú ẹ̀ sí èyí tó ń jáde, ó parí.

Mo ṣí Excel, mo mú èyí tí ìwúwo ẹ̀ jẹ́ 0.6 ti oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 ti oòrùn, ara irú ẹ̀ á gbóná tó 9,000 Kelvin. Mo fi 9,000 yẹn ṣírò ooru inú ẹ̀, mo tẹ Enter, ó ní ọdún mílíọ̀nù kan ò pé. Haa! Mo yẹ fọ́múlà yẹn wò títí, mo tiẹ̀ ti ń bínú sí kọ̀ǹpútà.

Àṣé ara ni mo fọwọ́ bà tí mo lọ ń fi sọ tinú. Inú ẹ̀ gbóná tó mílíọ̀nù 10 Kelvin, àwọn electron tó há mọ́ra níbẹ̀ ń gbé ooru kiri débi pé gbogbo inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná dọ́gba, ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè ló dà bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ò jẹ́ kí ooru tètè jáde. Mo yí nọ́ńbà yẹn, ó di bílíọ̀nù kan.

Ìyẹn náà ò tíì tọ̀nà, torí mo ṣe é bíi pé bó ṣe ń tàn báyìí ló ṣe ń tàn látọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná gan-an, ìnákúnàá ló ń ná ooru. Ọ̀nà tí Mestel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ kan, gbé kalẹ̀ ní 1952 ló bá mi yanjú ẹ̀, ó já sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 400. Kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ wá tún tó dín kù sí ìdá kan nínú 10, ó di ìgbà tó bá lé ní ọdún bílíọ̀nù 2. Bó ṣe ń tutù ló ń ya ahun sí i!

Inú ẹ̀ tún máa ń dì tó bá yá, dídì yẹn sì ń tú ooru sílẹ̀, sátẹ́láìtì Gaia ló jẹ́ kí wọ́n rí àmì ẹ̀ ní 2019. Excel mi ò mọ ìyẹn o. Mo ṣáà fa fọ́múlà yẹn wálẹ̀ títí ó fi dé bílíọ̀nù 13.8, ọjọ́ orí àgbáyé fúnra ẹ̀, ara òkú ìràwọ̀ mi ṣì lé ní 2,500 Kelvin.